Èèpo Ọsàn Gbígbẹ Nínú Oúnjẹ: Ohun Tó Ń Mú Un Korò àti Ohun Tó Ń Mú Un Ta Sánsán

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ èèpo ọsàn gbígbẹ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe nínú ìkòkò ọbẹ̀. A ń fi dáná, a sì ń sun ún nírọ̀lẹ́ kí èéfín rẹ̀ lè lé ẹ̀fọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wo bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ Ṣáínà lórí YouTube, tí alásè wá ju èèpo ọsàn gbígbẹ sínú ọbẹ̀ ẹran, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé ìyẹn ò ní korò ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹlòmíì á dán an wò, ọbẹ̀ rẹ̀ á sì korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ẹlòmíì á dán an wò, kò ní korò, kò sì ní yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò fi nǹkan kan sí. Àwọn méjèèjì á wá gbà pé àsọdùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lójú ni pé oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń pè ní èèpo ọsàn gbígbẹ, bí a sì ṣe ń lo ọ̀kan kọ́ là ń lo èkejì. Ẹni tó bá mọ ibi tí òórùn ń gbé lára èèpo, tó sì mọ ibi tí ìkorò ń gbé, ó ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ẹ mú ọsàn kan kí ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ìpele méjì ni èèpo rẹ̀ ní. Ti òde ni èyí tó ní àwọ̀, ì báà jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí èyí tó pọ́n. Ó tín-ín-rín, àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán lè rí sì kún inú rẹ̀. Inú àwọn àpò yìí ni òróró olóòórùn wà. Bí ẹ bá ká èèpo tútù kò, tí ẹ fún un síwájú iná àbẹ́là, òróró náà á tú jáde, iná á sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Nínú òróró ọsàn mímu, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó jẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene. Òun náà ló ń jẹ́ kí èèpo gbígbẹ tètè ràn nínú ààrò.

Ìpele kejì ni funfun rírọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ àti inú ọsàn. Òróró ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni ìkorò fi ṣe ilé. Ìkorò náà kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Èròjà kíkorò kan tó ń jẹ́ limonin, tó yàtọ̀ sí limonene òkè yẹn, wà nínú funfun àti nínú kóró ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọsàn. Naringin ni ti gẹrépù àti ọsàn gàn-ìn-gàn-ìn, òun ló sì ń mú kí ẹnu ẹni rọ́ bí a bá jẹ gẹrépù. Ọsàn mímu àti tánjaríìnì ò ní naringin tó bẹ́ẹ̀. Hesperidin ló pọ̀ lára tiwọn, ìyẹn ò sì korò lẹ́nu. Ìdí rèé tí èèpo tánjaríìnì fi bá ìkòkò mu ju ti gẹrépù lọ, láìka bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ta sánsán sí.

Wàyí o, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí èèpo bá ń gbẹ? Omi ló kọ́kọ́ ń lọ, nítorí omi tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n èèpo tútù. Àmọ́ omi nìkan kọ́ ló ń lọ. Òórùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń gba inú yàrá kan nígbà tí wọ́n bá ń bó ọsàn lọ́wọ́ máa ń bá omi lọ. Èyí tó bá kù á jinlẹ̀, á wúwo, á sì tẹ̀ sí ọ̀nà igi àti egbòogi. Ìkorò ńkọ́? Ìkorò kì í fẹ́ lọ. Ó wà níbẹ̀ digbí, inú ìwọ̀nba tó kù ló sì kó gbogbo ara rẹ̀ sí. Nítorí náà, ṣíbí kan èèpo gbígbẹ tòun ti funfun rẹ̀ máa ń korò ju ṣíbí kan èèpo tútù lọ fíìfíì. Bí oòrùn tó mú ganrín tàbí ooru ófùn bá sì pọ̀ jù, òórùn á lọ tán, ìkorò á jókòó. Ohun tó ṣe ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ korò nìyẹn.

Ohun tó ṣe ẹnì kejì, ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ òórùn kankan, yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìparí ló fi èèpo sí i, bí wọ́n ṣe ń rin èèpo tútù sórí kéèkì. Èèpo gbígbẹ kì í yá bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wọ ìkòkò, kó pẹ́ nínú rẹ̀, kí ọ̀rá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí limonene àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í yòrò nínú omi lásán. Ọ̀rá ni wọ́n ń yòrò sí, tàbí ọtí.

Ibi tí wọ́n ti sọ èèpo gbígbẹ di iṣẹ́ ńlá ni Xinhui, àgbègbè kan lábẹ́ ìlú Jiangmen, ní ìpínlẹ̀ Guangdong, gúúsù Ṣáínà. Irú tánjaríìnì kan pàtó ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, chenpi sì ni èèpo rẹ̀ ń jẹ́ bó bá ti gbẹ tó sì ti gbó. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé torí èèpo ni wọ́n ṣe ń gbin ọsàn náà. Wọ́n á bó o tán, wọ́n á ya inú rẹ̀ sọ́tọ̀, èèpo ni wọ́n á tọ́jú. Inú ọsàn tí àwa ń mu yẹn, pàǹtírí ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́.

Wọn kì í kàn bó o bákan ṣáá. Wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sí i kí èèpo lè là sí mẹ́ta tí yóò ṣì so pọ̀ ní ìdí. Wọ́n á jẹ́ kó rọ díẹ̀, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á wá sá a sí oòrùn àti atẹ́gùn ìgbà òtútù tí kò ní ọ̀rinrin. Ìgbà tí wọ́n bá já a náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n já ní tútù, láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, máa ń le lẹ́nu, ó sì máa ń korò díẹ̀. Èyí tí wọ́n já ní oṣù kejìlá, tó ti pọ́n tán, nípọn, òórùn rẹ̀ sì ní adùn nínú. Èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ti nǹkan bí oṣù kọkànlá, kò le tó ti àkọ́kọ́, kò sì dùn tó ti ìkẹyìn.

Lẹ́yìn gbígbẹ ló wá kan gbígbó. Ní Xinhui, èèpo tí kò bá tíì pé ọdún 3 kì í ṣe chenpi. Èèpo lásán ni. Wọ́n á kó o pa mọ́ síbi tí atẹ́gùn ń dé, wọ́n á máa kó o síta lọ́dọọdún kí oòrùn lè lé ọ̀rinrin jáde lára rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú, láti pupa dé àwọ̀ ilẹ̀ dé dúdú, funfun inú rẹ̀ ń gbẹ, ó sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Òórùn tó ń ta ẹni nímú nígbà tó wà ní tuntun á rọlẹ̀. Owó rẹ̀ náà ń gòkè, ìyẹn ló sì fa ayédèrú: àwọn kan ń rẹ èèpo tuntun sínú omi tíì kó lè dúdú bí èyí tó ti gbó. Ní tèmi, ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ò nílò chenpi ogún ọdún. Èyí tó ti lo ọdún 3 sí 5 ti tó, ohun tó kù sì jẹ́ ti àwọn tó ń kó o jọ bí ẹní ń kó góòlù. Wọ́n tún ń lo chenpi nínú egbòogi Ṣáínà fún inú àti fún ikọ́, àmọ́ ti ìkòkò là ń sọ níbí.

Bí chenpi bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ rẹ ẹyọ kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 títí á fi rọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí etí ṣíbí ha funfun inú rẹ̀ kúrò. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ bí èèpo bá ti gbó gan-an, èyí kò burú. Àmọ́ bí kò bá tíì gbó, ẹ ha á, ẹ má ṣe ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gé e wẹ́wẹ́ bí okùn, tàbí kí ẹ jù ú sínú ìkòkò lódindi kí ẹ sì yọ ọ́ tó bá yá. Àwọn ará Guangdong ń fi í sí inú pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sè pẹ́, sí inú ẹran màlúù lílọ̀ tí wọ́n ká róbótó tí wọ́n sì fi ooru omi sè, àti sí inú ẹ̀wà pupa kéékèèké tí wọ́n fi ṣúgà sè bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń mu lẹ́yìn oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀wà oníṣúgà kò ní bá ọ̀pọ̀ yín lára mu, àmọ́ èèpo yẹn ni kì í jẹ́ kí adùn náà sú ẹni. Ẹ wo ohun tó wà nínú pẹ́pẹ́yẹ àti ẹran náà: ọ̀rá ni. Ọ̀rá ẹran ń gba òórùn èèpo sára, ìkorò díẹ̀ tó kù lára èèpo sì ń gé ọ̀rá náà lẹ́nu ẹni.

Níbí ni mo ti fẹ́ ya ohun kan sọ́tọ̀. Adìyẹ ọlọ́sàn tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, èyí tó dùn bí oyin tó sì ń dán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ chenpi. Ilé oúnjẹ Panda Express ló sọ ọ́ di olókìkí láti 1987. Ṣúgà, ọtí kíkan àti adùn ọsàn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń rà á ní Houston lójoojúmọ́ lè má tíì fi ẹnu kan èèpo gbígbẹ rí.

Ọ̀nà tí àwọn ará Ìráànì ń gbà yàtọ̀ pátápátá. Ọsàn gàn-ìn-gàn-ìn ni tiwọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní narenj, tí igi rẹ̀ wà kiri ìlú Shiraz. Èèpo rẹ̀ korò, wọ́n mọ̀, wọn ò sì dúró kí ọdún mú un rọ̀. Wọ́n á gé e tín-ín-rín bí igi ìṣáná, wọ́n á sè é, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún sè é, wọ́n á tún da omi nù, títí ìkorò á fi kù díẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà fọ ewúro náà ni. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ti gbẹ, àmọ́ ẹni tó rà á ṣì gbọ́dọ̀ sè é kó sì da omi rẹ̀ nù kó tó lò ó. Wọ́n á wá fi ṣúgà àti sáfúrọ́ọ̀nù sí i, wọ́n á da òun àti álímọ́ńdì gígé sórí ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ níbi ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n ń pè ní shirin polo. Ẹni tó bá ra èèpo yẹn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ìráànì ní London, tó wá jù ú sínú ọbẹ̀ bí chenpi, á ké.

Ní erékùṣù Curaçao, nínú òkun Kàríbíánì, ọsàn tí àwọn ará Sípéènì kó wá ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn kò rí ilẹ̀ tó dára. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, èso rẹ̀ sì korò débi pé kò ṣeé mu. Àmọ́ èèpo rẹ̀ gbígbẹ ń ta sánsán ju ti ìyá tó bí i lọ. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọtí tó ń jẹ́ orúkọ erékùṣù náà, irú èèpo kíkorò bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń fi sí bíà funfun ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m pẹ̀lú kóró kọriáńdà. Pierre Celis ló jí irú bíà yẹn dìde ní abúlé Hoegaarden ní 1966, lẹ́yìn tí ilé ìpọntí tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti kógbá wọlé. Ní Provence, gúúsù ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń di èèpo ọsàn gbígbẹ mọ́ ewé olóòórùn sínú ẹran màlúù tí wọ́n fi wáìnì pupa sè fún wákàtí púpọ̀. Ní Jàpáàn, èèpo tánjaríìnì gbígbẹ jẹ́ ọ̀kan lára èròjà méje inú ata lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní shichimi.

Èyí tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni lọ́mì, ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń lò ní Òmánì, Ìráàkì àti Ìráànì. Ìyẹn kì í ṣe èèpo rárá. Odindi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n bọ̀ nínú omi iyọ̀, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí ó fi le bí òkúta, tó sì dúdú nínú. Kíkan ló ń mú wá sínú ọbẹ̀, pẹ̀lú òórùn kan tó jọ ti èéfín. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gún un kí omi ọbẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Bí ìlànà oúnjẹ bá ní kí ẹ fi lọ́mì sí i, èèpo ọsàn ò lè dípò rẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ èèpo tiyín, ẹ fiyè sí nǹkan méjì. Fún ẹ̀yin tó wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọsàn inú ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n ti fi ìda pa lára kó lè máa dán, tí wọ́n sì ti fi oògùn bíi imazalil sí kó má bàa tètè bu. Orí èèpo gan-an ni gbogbo ìyẹn wà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ "unwaxed" sí, tàbí èyí tí wọ́n gbìn láìlo oògùn. Èkejì kan ẹni tó bá ń lo oògùn ojoojúmọ́. Gẹrépù àti ọsàn gàn-ìn-gàn-ìn ní àwọn èròjà kan tó ń dí ara lọ́wọ́ láti fọ́ àwọn oògùn kan palẹ̀, tí àwọn oògùn náà á fi pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Felodipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, simvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà wà lára wọn. Èròjà yìí wà nínú èèpo pẹ̀lú, gbígbẹ kò sì ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ bi apòògùn yín léèrè kí ẹ tó lo èèpo àwọn méjèèjì yìí. Ọsàn mímu àti tánjaríìnì ò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Nílé, ọsàn wa kì í sábà pọ́n lóde kódà bó bá ti dùn nínú, nítorí òru wa kì í tutù tó láti mú àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Òróró wà nínú èèpo tútù bó ṣe wà nínú èyí tó pọ́n. Àwọn tó ń bó ọsàn tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló sì mọ̀ ọ́n bó jù. Abẹ wọn ń gba orí ọsàn lọ yípo, àwọ̀ nìkan ló ń mú, funfun á kù lára ọsàn kí ẹni tó ń mu ún lè rí nǹkan fún. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn alásè Yúróòpù ń ra irin pàtàkì fún. Àmọ́ ẹ má lọ kó èèpo tó ti bọ́ sílẹ̀ nídìí àtẹ wọn o. Ẹ ra odindi ọsàn, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó ní kí wọ́n bá yín bó o sínú abọ́ tiyín.

Ẹ tẹ́ èèpo náà sórí asẹ́ tàbí àtẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ń dé, kí oòrùn rẹ̀ má mú jù, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta á gbẹ ẹ́. Nígbà òjò, á bu, torí náà ófùn tí iná rẹ̀ kéré, bíi 90°C, ló dára, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ó ti gbẹ bó bá kán bí ẹ ṣe ṣẹ́ ẹ. Bó bá ń tẹ̀, ó kù. Inú ìgò tó ní ìdérí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ni kí ẹ kó o sí, lódindi. Ẹ máa lọ̀ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ lò ó, torí ìyẹ̀fun èèpo kì í pẹ́ sọ òórùn nù. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọdún 3, á di chenpi. Èèpo tín-ín-rín ọsàn mímu kì í gbó bẹ́ẹ̀. Òróró rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ jà, á sì máa rùn bí ọ̀dà. Ẹ lò ó tán láàárín ọdún kan.

Fún ìkòkò ọbẹ̀ ẹni mẹ́rin, ègé méjì tó gùn tó ìka ti tó. Ó bá ata dídín ẹran màlúù mu, ó sì bá pẹpẹ súùpù ẹran ewúrẹ́ mu dáadáa. Mi ò ní fi í sínú ọbẹ̀ tó ní irú, òórùn méjèèjì á máa bá ara wọn jà. Nínú sobo, ẹ jù ú sínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, kí ẹ sì dé ìkòkò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ìdáná ni yóò gba òórùn náà. Bí ìlànà oúnjẹ bá ní kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan èèpo tútù rírin sí i, ṣíbí tíì kan ti èyí tó gbẹ tí ẹ sì lọ̀ ti tó. Nínú ṣinṣín, ṣíbí tíì kan fún kọ́ọ̀pù ìyẹ̀fun mẹ́rin ni mo máa ń lò, mo sì máa ń kọ́kọ́ pò ó mọ́ bọ́tà kí ìyẹ̀fun tó wọlé.